Waya Tó Wà Nípò Fíúsì

Ọkọ̀ Doña Eusebia Yujra gùn débi pé nígbà tí imú rẹ̀ bá ti wọnú ṣọ́ọ̀bù Rómulo Sirpa tó jẹ́ rewáyà, ìdí rẹ̀ á ṣì wà lójú títì, àwọn èrò ìlú El Alto á sì máa ṣépè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dúdú ni, ó ń dán. Awọ ni wọ́n fi ṣe àga inú rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ oníṣẹ́po méjì kí ariwo ayé má baà wọlé bá olówó. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí gbogbo rewáyà mọ̀ ni pé ọkọ̀ olówó ńlá tó bá gba èbúté Iquique wọlé lówó pọ́ọ́kú, omi ti mu ún rí níbì kan. Rómulo ti ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó bá iyanrìn odò nísàlẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé ẹwà tòkunbọ̀ kò kan waya rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí ni pé ó ń gbóná. Bó bá ti gun òkè díẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́ ooru ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í sún sọ́wọ́ ọ̀tún, iná pupa á tàn, ọkọ̀ á ní òun kò lọ mọ́. Ní òpópónà yẹn, ìwòsàn kan ṣoṣo làwọn mẹkáníìkì mọ̀ fún àìsàn yìí: wọ́n á yọ tẹ̀mòsítátì tó ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á ní ó ti dáa. Rómulo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ ọ́, ó gbé e sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, ó wò ó títí ó fi ya ẹnu bó ṣe yẹ, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Ó wo omi, omi kò jò. Ó tú rédíétọ̀, ó sì bá òdòdó gbígbẹ àti rìbọ́n bébà tó ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ àná láàárín irin rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́ ní ọdún Kánífà tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ọkọ̀ ṣì ń gbóná.

Ìgbẹ̀yìn ló tó kan fáànù. Rómulo fi ọwọ́ yí i, ó le bí orúnkún arúgbó. Omi ti wọ mọ́tò rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nínú; kó tó lè yí, àfi kó fa iná ìlọ́po méjì èyí tó tọ́ sí i, tó bá sì ti fà á, fíúsì á jó. Iṣẹ́ fíúsì náà nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Òun ló ń kú kí ilé má baà jó. Rómulo fi tuntun sí i, kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà lọ. Ló bá gé waya kan tó nípọn, ó bó orí rẹ̀ méjèèjì, ó fi dí ipò fíúsì. Fáànù ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bí ìjì. Àyẹ̀wò lásán ni, kó lè dá a lójú pé fáànù ni wàhálà. Kò sí rewáyà kan ní El Alto tí kì í ṣe é. Fáànù mìíràn sì ti wà lọ́nà láti Iquique, bí wọ́n bá ti ṣe Kánífà tán yóò dé.

Doña Eusebia kò dúró de kí wọ́n ṣe é tán. Àárọ̀ Túsìdé Kánífà gan-an ló dé, ọjọ́ tí gbogbo ẹni tó ní nǹkan máa ń fún Ìyá Ilẹ̀ ní ọtí mu lórí nǹkan ọ̀hún: ilé, ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀. Ó wọ yẹ̀rì mẹ́fà léra wọn, fìlà dúdú rẹ̀ sì jókòó sórí bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ mẹ́ta ló ní. Òun náà ló gbé Nieves, ọmọ kan ṣoṣo tí Rómulo bí, lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì rẹ̀, nítorí náà ẹbí ni wọ́n, kì í ṣe oníbàárà lásán. Fortunato, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ fún un, tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú páálí bíà kan.

"Bàbá Nieves, ẹ má sọ fún mi pé kò tíì ṣeé gbé o," ló fi kí i. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo wá."

"Ìyá ìsàmì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fáànù rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀! Ilé mi ní Coroico ń retí ọtí tirẹ̀ lónìí. Ọkọ̀ yìí náà ń retí tirẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣé ẹ fẹ́ kí Ìyá Ilẹ̀ máa fi gbogbo ọdún wo ọkọ̀ tí kò fún un ní nǹkan kan? Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín ní òdìkejì títì. Crisóstomo Tarqui ni, rewáyà bíi Rómulo, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ láti ogún ọdún. Ó wà lórí àkàbà, ó ń so rìbọ́n mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Doña Eusebia! Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, ẹ jàre! Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti fi ọkọ̀ yín ṣe ilé gbé!"

"Ìwọ so rìbọ́n ẹ, Crisóstomo," ni Rómulo sọ. "Òun nìkan lo mọ̀ ọ́n so tí kì í já."

Fortunato ti jókòó sídìí ọkọ̀ ní tirẹ̀, ó ti tẹ bọ́tìnnì tó ń tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n dúró. Abẹ́rẹ́ ooru gòkè dé ìdajì, fáànù ké, ó ń fẹ́, abẹ́rẹ́ sì dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó gbọ́ràn.

"Ó mà ń fẹ́!" ni Doña Eusebia wí. "Kí ló wá kù?"

Rómulo la ẹnu. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí, ká ní ó sọ gbólóhùn kan péré: ìyá ìsàmì, waya ló wà níbẹ̀, kì í ṣe fíúsì. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí obìnrin yìí wá nìyí, Crisóstomo ń wo àwọn láti orí àkàbà, ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Ta ló fẹ́ dúró láàárín títì kó máa ṣàlàyé pé ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ yẹn kò ṣiṣẹ́? Ó rò ó lọ́kàn pé ìsàlẹ̀ ni Coroico wà. Ọkọ̀ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ kì í gbóná, atẹ́gùn òkè á máa fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, fáànù kò ní ṣe tó nǹkan kan. Bí wọ́n bá padà dé, òun á tún un ṣe. Èèyàn tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá àlàyé tì.

"Ẹ máa rọra wà á," ló sọ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ńlá náà yọ ìdí, ó lọ.

Nǹkan bíi wákàtí kan kọjá. Rómulo ti gbàgbé wọn, ó ń da òdòdó sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ṣí bíà tí yóò ta sílẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Nieves ni.

"Bàbá, ẹ ò ní gbà gbọ́! Inú ọkọ̀ olówó ni mo wà!"

"Ọkọ̀ wo?"

"Ti ìyá ìsàmì mi. Wọ́n yà sílé mi ní Villa Fátima, wọ́n ní kí èmi àti Jhamil múra, ká jọ lọ ṣe Kánífà ní Coroico. Jhamil ti sùn sẹ́yìn. Bàbá, àga yìí ń gbóná fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìdí èèyàn, ẹ gbọ́ mi?"

Jhamil, ọmọ Nieves, kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ. Bíà tó wà lọ́wọ́ Rómulo tẹ̀, ó ń dà sórí bàtà rẹ̀, kò mọ̀.

"Níbo lẹ wà?"

"A ṣì wà lórí ìlà níbi géètì àwọn ọlọ́pàá, ká tó máa gun La Cumbre. Gbogbo ayé ló ń lọ lónìí, ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tá a ti wà lójú kan. Nǹkan kan ń ké níwájú ṣá, bí ẹ̀rọ ìlọta. Òórùn kan sì wà, ṣùgbọ́n ìyá ìsàmì ní òórùn awọ ni."

"Nieves, gbọ́. Sọ fún Fortunato kó pa ọkọ̀. Ẹ jáde. Ẹ gbé ọmọ jáde. Ṣé o gbọ́?"

Kò gbọ́. Fóònù ti gé. Ó tún un pè, obìnrin inú ẹ̀rọ ní nọ́ńbà yẹn kò sí lórí ìlà. Ó pe Doña Eusebia, ọ̀kan náà ni. Láti ibi géètì yẹn lọ sókè, àwọn òkè máa ń jẹ fóònù, gbogbo awakọ̀ ló mọ̀.

Nígbà náà ni ẹ̀rù tó bà á. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti sọ ọ́: ẹ̀rù ba Rómulo Sirpa. Ó ti ro ìsọ̀kalẹ̀, kò ro ìgòkè. Kí èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Coroico, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun La Cumbre, òkè tó gbé ọkọ̀ sókè débi tí èémí ń wọ́n. Kò sí ọmọdé kan ní ìlú yìí tí kò mọ ìyẹn, òun rewáyà ló gbàgbé. Fáànù kò ní sinmi lórí òkè yẹn. Ó ti ń ké láti ogún ìṣẹ́jú lójú kan, ó ń fa iná, ó ń fà á gba inú waya kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kú. Òórùn awọ kọ́ ni Nieves ń gbọ́.

Ó sáré sọdá títì láìwo ọ̀tún wo òsì.

"Crisóstomo, gbé ọkọ̀ rẹ. A ń lọ sí La Cumbre."

"Lónìí? N ò tíì fún ilẹ̀ mu o, ọ̀gbẹ́ni. Rìbọ́n mi…"

"Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ọmọ ọmọ mi wà nínú rẹ̀."

Crisóstomo wo ojú rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ lórí àkàbà, kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ ti gbó, kò sí nǹkan iná kankan nínú rẹ̀ tó lè bà jẹ́. Wọ́n bọ́ sí ojú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ wọ La Paz, wọ́n gba àárín ìlú tó dá páropáro nítorí ọdún, wọ́n fọn fèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n kọjá Villa Fátima ni Crisóstomo tó sọ̀rọ̀.

"Kí lo fi sí i?"

"Waya."

"Nípò fíúsì fáànù?"

"Mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Crisóstomo yí jíà. "Gbogbo wa là ń fi waya sí i, Rómulo."

"Mo mọ̀."

"Tákísì Don Hilarión, waya ni mo fi sí i. Ọdún méjì gbáko ló fi ń rìn."

"Jọ̀ọ́, dákẹ́."

"Mo kàn ń tù ẹ́ nínú ni."

"O ò tù mí nínú."

Wọ́n dé ibi géètì. Ìlà ti tán. Ọkọ̀ dúdú kò sí níbẹ̀. Ọlọ́pàá tí wọ́n bi léèrè ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ gígùn kan ti kọjá lọ láìpẹ́, ó ń rùn bí ike tó ń jó, òun tilẹ̀ sọ fún awakọ̀ rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni.

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ bá wọn, òjò dídì ń ta gíláàsì. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ waya lè máa gbàdúrà pé bóyá kò ní sí nǹkan kan. Rómulo mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ rẹ̀ ló sì ń pa á. Bó ti jókòó yẹn, ó ń fojú inú rí i ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbà inú waya ń gbóná. Ike ara rẹ̀ ń rọ̀, ó ń dán bí ẹni tó ń làágùn. Ó ń kán sórí àwọn waya ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n wà ní àádọ́ta níbẹ̀, wọ́n sún mọ́ra bí irun dídì. Ọ̀kan á gba ooru lára èkejì.

Ibẹ̀ ló ti rántí ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó ń ṣe àyẹ̀wò bátìrì, iná ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀ lójijì, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti ara wọn: kẹ́tẹ́! Odò tó mu ọkọ̀ yẹn ti wọ àpótí tó ń darí ilẹ̀kùn. Iná ló ń ṣí i, iná ló ń tì í. Tí iná bá kú, á ti ara rẹ̀ pa, kò sì ní ṣí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pa á lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọkọ̀ olówó ni, ó ń bẹ̀rù olè.

"Tẹ̀ ẹ́, Crisóstomo," ló sọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́."

Láti ogún ọdún, kò pe Crisóstomo ní ẹ̀gbọ́n rí. Crisóstomo tẹ̀ ẹ́.

Orí La Cumbre kún fọ́fọ́. Kò sí awakọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Yungas, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí Coroico wà, tí kì í dúró níbẹ̀ fún ilẹ̀ mu, pàápàá lọ́jọ́ Kánífà, nítorí ohun tó wà níwájú kì í ṣe ọ̀nà eré. Ọkọ̀ bí ọgbọ̀n ló tò síbẹ̀ nínú ìkùukùu pẹ̀lú rìbọ́n lórí, àwọn ajá òkè ń lọ láti ẹsẹ̀ kan sí òmíràn, wọ́n ń tọrọ búrẹ́dì. Bángà ọdún ń dún níbì kan. Rómulo bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ó ń sáré láàárín àwọn èèyàn, èémí rẹ̀ kò tó, ó ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì kan dé òmíràn.

Ó rí i. Ó wà ní ìkángun, ẹ̀bá adágún omi. Wọn kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí inú rẹ̀ lè móoru fún ọmọ. Wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fortunato dúró tì í, ó di ìgò bíà mú. Nieves wà lókèèrè díẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, àwọn ajá yí i ká. Doña Eusebia sì nìyẹn níwájú ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ìgò ọtí líle funfun, èyí tí iná máa ń gbé bí epo.

"Ẹ má dà á!" ni Rómulo ké. "Ìyá ìsàmì, ẹ má dà á o!"

Atẹ́gùn gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ó rí i tí obìnrin náà yíjú, tó rí i, tí ojú rẹ̀ sì tàn fún ìdùnnú.

"Ẹ wò ó! Bàbá Nieves náà ti dé! Ẹ wá bá wa mu!"

Ó ta díẹ̀ sí ọ̀tún, ó ta díẹ̀ sí òsì. Ó wá da ìyókù sí àárín ẹ́ńjìnnì. Obìnrin dáadáa ni, kì í ṣahun sí ilẹ̀.

Iná sọ; ó kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé rí. Lẹ́yìn náà ó pọ́n, ó sì fò sókè ju orí èèyàn lọ. Doña Eusebia ṣubú sẹ́yìn. Fáànù dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn, Rómulo gbọ́ ohun tí kò sí ẹlòmíràn tó fetí sí: kẹ́tẹ́.

"Jhamil!" ni Nieves pariwo. "Jhamil wà nínú rẹ̀!"

Ó dé ibẹ̀ ṣáájú bàbá rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú, ó ń fà á pẹ̀lú gbogbo ara. Ilẹ̀kùn kò mira. Fortunato ń tẹ kọ́kọ́rọ́ oníbọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Crisóstomo fi sípánà ńlá gbá gíláàsì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Gíláàsì oníṣẹ́po méjì náà funfun bí eyín, ṣùgbọ́n kò já. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọwọ́ kékeré méjì wà. Ọmọ ti jí.

Rómulo já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ Fortunato. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ irin kékeré kan jáde nínú ikùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ inú kọ́kọ́rọ́, èyí tí àwọn olówó kì í mọ̀ pé ó wà. Ó sáré lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ooru gbá a lójú. Ó fi èékánná wá ìdérí tó wà ní ìdí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó tú u, èékánná kan bá a lọ. Ihò náà nìyẹn. Irin wọlé dé ìdajì, ó há. Láti ìgbà tí odò ti mu ún, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sínú ihò yẹn. Ó gbá a pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó wọlé. Ó yí i sí ọ̀tún, kò yí. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ irin, ó gbọ́ òórùn ara rẹ̀. Bó bá yí i jù, á kán. Ó mọ̀ pé á kán. Ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan, kò mọ ohun tó ń sọ. Ó fà á sẹ́yìn bí irun kan, ó yí i sí òsì, díẹ̀, díẹ̀ sí i, nǹkan kan sì já nínú ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí.

Èéfín ló kọ́kọ́ jáde. Rómulo rá wọlé lórí àga awakọ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn nínú òkùnkùn, ó di ẹsẹ̀ kan mú. Ó fà á. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn ń wò ó pẹ̀lú ojú tó là rangandan, ẹnu rẹ̀ sì ń wá èémí. Crisóstomo fa àwọn méjèèjì jáde pọ̀ láti ibàdí.

Wọ́n jìnnà díẹ̀ kí táyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́. Àwọn awakọ̀ da iyẹ̀pẹ̀ àti yìnyín sí i, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fi í sílẹ̀. Jhamil wúkọ́, ó bì, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún, gbogbo èèyàn sì dúpẹ́ nítorí ẹkún yẹn. Rómulo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó, kò lè di ife omi tí wọ́n gbé fún un mú. Nieves tú aṣọ ìpọnmọ rẹ̀, ó fi bò ó léjìká, ó so ó níwájú àyà rẹ̀, ó sì gbé orí lé e léjìká.

"Bàbá mi," ló ń sọ. "Bàbá mi, bàbá mi."

Lẹ́yìn wọn, Doña Eusebia ti gbá Fortunato létí.

"Ìwọ! Mo rí ẹ! O mu bíà lọ́nà kí o tó fún ilẹ̀ mu! Ṣé o rí ohun tó fi san fún wa?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹnu kàn án, àǹtí."

"Ẹ̀ẹ̀kan! O fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹ̀ẹ̀kan!"

Àwọn awakọ̀ tó dúró yí wọn ká ń mi orí. Fortunato kò jiyàn. Ó ti gbà pé òun ni, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Rómulo wò ó. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, títí ọmọkùnrin yìí yóò fi kú ni yóò máa ru ẹrù yìí kiri.

"Fortunato kọ́," ló sọ. "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni."

Doña Eusebia yíjú.

"Fáànù yẹn ti bà jẹ́. Ó ń jó fíúsì. Mo fi waya sí ipò fíúsì, waya yẹn ló gbiná. Ìyá Ilẹ̀ kò ṣe yín ní nǹkan kan."

Crisóstomo wo ilẹ̀. Orí Nieves ti kúrò léjìká bàbá rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé waya ló wà níbẹ̀ kí n tó gbé e lọ?" ni Doña Eusebia bi í. Kò pariwo mọ́.

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì sọ fún mi pé ká máa rọra wà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. Eérú wà lójú rẹ̀, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, irun funfun rẹ̀ ń fẹ́ nínú atẹ́gùn.

"Bàbá Nieves, ká ní èmi àti Fortunato nìkan la wà nínú ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ì bá ti sáré wá?"

Rómulo fẹ́ dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wá ọ̀rọ̀ náà kiri inú ara rẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ ni wákàtí kan tó fi ń da òdòdó sórí tábìlì, tí kò rántí wọn rárá. Gbogbo wọn dúró dè é.

Nieves dìde. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, ó sì wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó ń tú kókó aṣọ ìpọnmọ náà ní àyà rẹ̀. Kókó náà le, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tú.

"Ẹ gbé apá yín sókè díẹ̀, Bàbá," ló sọ.

Ó gbé apá sókè. Nieves fa aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, ó gbọn eérú rẹ̀ dànù, ó fi pọn Jhamil, ó so ó dáadáa. Ó di Doña Eusebia lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì rìn lọ síbi bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń padà sí La Paz, Fortunato tẹ̀ lé wọn. Jhamil bojú wẹ̀yìn wo bàbá àgbà rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ títí ìkùukùu fi bò wọ́n.

"Dìde, jẹ́ ká máa lọ," ni Crisóstomo sọ fún un nígbà tó yá. Rómulo kò dìde. Òtútù ń mú un, ó sì jókòó síbẹ̀.